Bí Wàá Ṣe Dáhùn Bí Wọ́n Bá Bi Ọ́ Pé, "Kí Lo Fẹ́ Fi Ìtàn Ṣe?"

Fọ́ọ̀mù JAMB kì í bi ọmọ léèrè pé kí ló dé tó fi yan iṣẹ́ tó yàn. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti orúkọ ẹ̀ka ni wọ́n fẹ́, ó parí. Ẹni tí yóò bi ọ́ wà nílé.

Lọ́dún 1993 tí ìwé ìgbaniwọlé tèmi dé, orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wa ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, ni bàbá mi jókòó sí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bọ́ fìlà rélùwéè lórí. Wọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. Ìmọ̀ òfin ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù. Ìtàn ni wọ́n fún mi.

"Ìtàn? Èwo nínú ẹ̀? Ti Ìjàpá àbí ti Yánníbo?"

Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n tó béèrè ohun tí gbogbo òbí ń béèrè: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mi ò rí èsì fọ̀. Etí ìró mi ni mò ń fọwọ́ ká.

Èsì tí mi ò ní lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹ̀yin tí fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ yín báyìí. Mo ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán. Láti ìgbà náà, àwọn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè ló ń gbé mi níṣẹ́, pé kí n bá wọn wá ìtàn ẹbí àti ti abúlé: ta ló kọ́kọ́ dá oko síbi kan, ọmọ ta ló jẹ tẹ̀lé ta. Bí àkókò fọ́ọ̀mù bá ti tó, àwọn ìyá a máa fa ọmọ wá bá mi. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, Ìtàn ló lóun fẹ́ kọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, o ò bá rò pé ẹgbẹ́ òkùnkùn lọmọ náà fẹ́ wọ̀.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé ọ débẹ̀

Má purọ́ fún ara rẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì tiwa ni kò fọwọ́ ara wọn yan Ìtàn. Máàkì òfin ò pé, tàbí ti iṣẹ́ ìròyìn ò pé, wọ́n bá kó gbogbo wa dà síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó fẹ́ di aṣojú ìjọba lókè òkun, láti ọdún kìíní ló ti ń wọ kóòtù nínú ooru. Ìyá kan náà wà, wọ́n ti bímọ mẹ́rin kí wọ́n tó wọlé. Ẹjọ́ oyè ń lọ nílé wọn, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn ka ohun tí àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ìlú wọn. Àwọn nìkan ni kì í pa kíláàsì jẹ. Àwọn la máa ń yá nóòtì lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe ìtìjú bó bá jẹ́ máàkì ló tì ọ́ débẹ̀. Ohun tó gbé èèyàn dé ibì kan àti ohun tó mú un dúró níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí mi ò ní fọwọ́ sí láéláé, òun náà ni, "Orí mi máa ń gbé ìwé."

Ìdánwò wa kì í béèrè ọdún tí ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀. 1877 ni, wọ́n á tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìbéèrè fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n á bi ọ́ ni pé: nígbà tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, kí ló ń ṣe àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n ṣì jókòó sí bùdó títí di 1893? Ta ni àlàáfíà ò ṣe láǹfààní? Àwọn wo ló ń kó ìbọn ránṣẹ́ láti Èkó? Ẹni tó há ọdún sórí nìkan ò ní rí ju ìlà mẹ́ta kọ lọ, yóò sì máa wo òrùlé gbọ̀ngán.

Àwọn kan á ní fíìmù ló fà wọ́n: ọba, adé ìlẹ̀kẹ̀, ẹṣin tó ń sáré. Ìyẹn ò burú. Fíìmù ló fa èmi náà, ti orí tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun. Ó kàn yẹ kó o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kejì lo ti máa bá ìwé owó orí àti iye ẹrù tí wọ́n kó gba odò Ògùn kọjá pàdé. Bó bá jẹ́ pé ẹṣin nìkan lo fẹ́, wàá sùn.

Iṣẹ́ ìjọba lókè òkun ni àwọn òbí fẹ́ràn jù. Yunifásítì Èkó ń pe tiwọn ní History and Strategic Studies, LASU àti Ìlọrin ń pè é ní History and International Studies, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ fi í sílẹ̀ ní History lásán. Orúkọ gígùn máa ń rọ bàbá lójú díẹ̀. Bó o bá tìtorí ìyẹn lọ, bèèrè ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí kó o tó kọ orúkọ wọn, kó o wo èyí tó jẹ́ ti àjọṣe orílẹ̀-èdè gan-an nínú rẹ̀. Kó o sì rántí pé kì í ṣe ọmọ Ìtàn nìkan ló ń du iṣẹ́ yẹn.

Wá ìbéèrè kan láti ilé yín

Ohun tí mo máa ń bi àwọn ọmọ tí wọ́n bá fà wá nìyí: kí ni nǹkan kan nílé yín tí kò yé ọ, tẹ́nikẹ́ni ò sì ráyè là yé ọ? Ọmọ tó bá rí èsì, ojú rẹ̀ á yí padà. Èyí tí kò bá rí, mo máa ń ní kó lọ sílé ná, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè tèmi ti wà nílé kí wọ́n tó bí mi. Ẹbí wa ní ilẹ̀ oko kan lẹ́bàá ojú irin, lọ́nà Wàsìnmi. Ọ̀dọ̀ bàbá Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló ti wá. Ẹbí mìíràn ní tàwọn ni. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní nǹkan bí 1984, a sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi fẹ́ lọ́yà nílé, tí Ìtàn fi dà bí ẹ̀gàn létí wọn.

Bẹ́ẹ̀, òfin kọ́ ló mú wa jẹ̀bi. Ẹlẹ́rìí wa méjì ni. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, ọmọ bàbá wọn tí ìyá ọ̀tọ̀ bí, kọ́kọ́ dìde. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, wọ́n fi òwe lé òwe. Wọ́n ní kí rélùwéè tó kọjá ni bàbá àwọn ti wà lórí ilẹ̀ náà. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn yẹn, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ìyá Àgbà wá dìde tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní, "Ọdún ogun Àdùbí la dé oko. Èmi wà lẹ́yìn ìyá mi." Ogun Àdùbí ni ti 1918, nígbà tí Ẹ̀gbá yarí sí owó orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, tí wọ́n ń hú ojú irin, tí wọ́n ń gé wáyà tẹlígíráàfù. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kéré tán, ló wà láàárín ẹnu ẹ̀gbọ́n àti ẹnu àbúrò. Adájọ́ ò tiẹ̀ jágbe. Ìtàn méjì ò lè jẹ́ ti olùpẹjọ́ kan.

Mo ti dé ọdún kẹta kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ yẹn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti là á sílẹ̀ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, pé ọ̀nà márùn-ún lèèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú márààrún ni ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ìtàn tí bàbá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí gan-an ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó tó àkókò láti kọ ìwé àṣekágbá, mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka wa, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1951 sí 1953 ni Kenneth Dike, ẹni tó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì náà, ń káàkiri ọ́fíìsì ìjọba, ó ń wo ibi tí wọ́n da ìwé àtijọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹn ló bí ilé ìpamọ́ náà ní 1954. Gègé ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, pẹ́ńsù nìkan ni. O máa kọ nọ́ńbà fáìlì sórí pépà pélébé kan, o máa fún wọn, o máa jókòó. Fáìlì àgbègbè tiwa ni wọ́n kọ Abe Prof, ìyẹn Abeokuta Province, sí lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé owó orí, ìjà ààlà, ẹni tó jí àgùntàn, ọba tó ń bínú sí ajẹ́lẹ̀. Eruku ń rá mi lọ́fun. Mo ti ń rò pé mo kàn ń fi owó ọkọ̀ ṣòfò ni.

Inú fáìlì tí mo ti fẹ́ dá padà ló wà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ni, ti 1934, èdè òyìnbó tí akọ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà kọ, ó kún fún ìdọ̀bálẹ̀ àti ìforíbalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ bàbá Ìyá Àgbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì àtàǹpàkò wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yíǹkì àlùkò tó ti ń di ti ewé gbígbẹ. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ìlà kan dá àtàǹpàkò náà sí méjì lóròó, bí ẹni pé nǹkan ti gé e rí.

Ohun tí wọ́n sọ nínú ìwé náà ni pé nígbà tí àwọn rélùwéè ń la igbó ni àwọn dé ibẹ̀, àwọn àti ìyàálé. Lẹ́yìn ìjà Àdùbí, nígbà tí ìlú ò rọgbọ, ni àwọn tó kó ìyàwó kejì àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá sóko.

Kò sẹ́ni tó purọ́ ní kóòtù. Ìgbà tí ìyá tiwọn dé ni ẹ̀gbọ́n fi ka ọdún, ìgbà tí ìyá tiwọn dé ni àbúrò náà fi kà á. Ilé olórogún ni, ẹnu ilẹ̀kùn ìyá kálukú ni ìtàn ilé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti pe àwọn méjèèjì jókòó ṣáájú ẹjọ́, kó bi wọ́n pé, "Nígbà tẹ́ ẹ ní 'a dé', àwọn wo gan-an ni 'a'?", bóyá à bá rí ohun kan gbá mú.

Lọ́sẹ̀ yẹn mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìwé. Mo ní, "Ìyá, kí ló ṣe àtàǹpàkò bàbá yín?" Wọ́n gbé orí sókè. "Àdá ni. Nídìí ọ̀pẹ. Ta ló sọ fún ọ?"

Ilẹ̀ ò padà o. Ẹjọ́ ti tutù, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí, èmi náà ti ra epo níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ka ìwé tí mo dà kọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀rẹ́ wọn kan bá yà kí wọn, wọ́n á pè mí jáde: "Ọmọ mi rèé. Ẹ sọ ti ilé yín fún un."

Dán ara rẹ wò kó o tó san owó fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ méjì tó fún èyí, kò sì ju owó ọkọ̀ lọ.

Yan nǹkan kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tàbí ládùúgbò yín. Kó máà tóbi. "Ìtàn ìlú wa láti Ilé-Ifẹ̀" ti tóbi jù. Ìdí tí ẹ fi kúrò ní ilé àtijọ́, tàbí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga àdúgbò, ìyẹn dára. Lọ bá àgbàlagbà kan, kí wọn dáadáa, bi wọ́n bóyá o lè fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, pa á. Má bi wọ́n pé ọdún wo ni. Ìbéèrè ọdún ló ń mú àgbàlagbà fọ́nnu tàbí kó mú wọn dákẹ́. Fi nǹkan tí ojú wọn rí wọ̀n ọ́n: ṣé òṣùpá ti bo oòrùn lọ́sàn-án gangan nígbà náà? 20 oṣù Karùn-ún 1947 nìyẹn. Ṣé a ti gba òmìnira? Ṣé "wẹ́tíẹ̀", ìjà òṣèlú tí wọ́n fi ń dáná sun ilé àti èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mọ́tò ṣì ń gba ọwọ́ òsì? Oṣù Kẹrin 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé pọ́ùn lẹ ń ná ni àbí náírà? Ìbẹ̀rẹ̀ 1973 ni náírà dé. Láàárín nǹkan wọ̀nyí, wàá há ọdún náà mọ́.

Lẹ́yìn náà wá ẹnu kejì, kó jẹ́ ti ẹni tí kò sí nílé kan náà pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́, bó ṣe orogún wọn tàbí aládùúgbò tí wọn ò fẹ́ràn. Ẹnu kejì á ta ko ti àkọ́kọ́. Bí kò bá ta kò ó rárá, fura: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jọ sọ ọ́. Wá ìwé kan kún un, bó ṣe rìsíìtì, bó ṣe ìwé ìrìbọmi, bó ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára ibojì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá forí gbárí, má ṣe gbe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹjọ́ kan wà tó ti Gold Coast, Gánà òde òní, dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti àwọn ìlú tí òyìnbó ń ṣàkóso, ní 1957, ti Kojo àti Bonsie. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé bí ìtàn àtijọ́ méjì bá takora, kí adájọ́ má wo bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró tàbí bó ṣe sọ ọ́; kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, tí ojú èèyàn rí, kó wá wo èyí tó bá a mu nínú ìtàn méjèèjì. Àwọn lọ́yà mi a máa tọ́ka sí i lójoojúmọ́. Èmi ò mọ̀ bóyá àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa ni wọ́n júwe.

Wá wo inú ara rẹ. Bí àtakò yẹn bá bí ọ nínú, tó o kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ òótọ́ ibẹ̀ kó o lọ sùn, iṣẹ́ mìíràn wà tó dára ju èyí lọ fún ọ, mi ò bú ọ. Bó bá jẹ́ pé orí ibùsùn lo ṣì ń bá a fà á, "àbí ìyá ẹ̀gbọ́n ló ń sọ?", kọ Ìtàn sí fọ́ọ̀mù.

Ìwé ńlá náà ò yàtọ̀ sí ẹnu àgbà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897, ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó jáde ní 1921. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson ti ṣẹ̀, Ọ̀yọ́ ló sì ti ń wo ayé. Ẹ̀gbá bíi tèmi á kà á, á máa mí hẹlẹ. Síbẹ̀ mi ò lè ṣe iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀ kan láìṣí i. Ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tí wọ́n á kọ́ ọ: bí o ṣe lè máa bá ẹni tó o gbẹ́kẹ̀ lé jiyàn.

Ti fọ́ọ̀mù

Èyí ò gùn. Nínú JAMB, Use of English pọn dandan. Fi Government tàbí History kún un, kó o mú méjì sí i nínú iṣẹ́ ọnà tàbí ti àwùjọ: Lítíréṣọ̀, Yorùbá, CRS tàbí IRS, Economics. Èmi á ní kó o mú Yorùbá, kì í ṣe torí ìfẹ́ ìlú, torí pé ọjọ́ tó o bá bá oríkì ìlú kan pàdé ni wàá mọ ohun tó o kọ́. Máàkì márùn-ún tó dé kírẹ́díìtì ní WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fún ọdún rẹ ni kó o tẹ̀ lé, má tẹ̀ lé ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìfẹ́ tiẹ̀.

Bí o kò bá ṣe History rí nílé ìwé, má bẹ̀rù. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní kékeré ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n tó pàṣẹ ní 2018 pé kí wọ́n dá a padà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì mọ̀ pé ọwọ́ òfo lẹ ń mú bọ̀.

Kí lo máa sọ fún bàbá?

Má sọ fún wọn pé ẹni tí kò mọ ìtàn ara rẹ̀ ti sọnù. Wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n tiẹ̀ gbà, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kó o di dókítà. Sọ ti owó, má sì bù mọ́ ọn. Mo mọ ọmọ Ìtàn tó wà nílé ìwé, tó wà nílé iṣẹ́ ìròyìn, nínú mùsíọ́mù, nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ní báńkì. Mo mọ èyí tó padà lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì ń na àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kóòtù torí pé ó mọ ìwé àtijọ́ọ́ kà. Mo mọ èyí tó ń ta aṣọ, tó láyọ̀. Owó oṣù tíṣà mi ò tó nǹkan. Ti iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí dára, ṣùgbọ́n kì í wọlé lóṣooṣù. Ìgbà tí ẹjọ́ bá wà ni. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, mú èsì ìdánwò ọjọ́ méjì tó o ṣe jáde, gbé e ka iwájú wọn, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló wà nínú ẹ̀.

Fún ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó

Níbẹ̀, fọ́ọ̀mù gan-an ló ń béèrè. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Peckham, ní London, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kọ́ Ìtàn. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọlé ní 2026, UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì níbẹ̀, ti pín ìwé àlàyé ara ẹni sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ ṣe múra rẹ sílẹ̀, kí lo tún ṣe lẹ́yìn odi ilé ìwé. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú kíkà.

Ọmọ náà fi èyí tó kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìlà àkọ́kọ́: láti kékeré ni ìtàn ti ń wù mí. Ìlà kejì: kí a lè yẹra fún àṣìṣe àwọn tó ti kọjá. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní, "Mọ́mì Abẹ́òkúta, ṣé kò dáa ni?" Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó máa kà á ti ka irú rẹ̀ ogún kó tó mu tíì àárọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè tí mò ń bi gbogbo wọn: kí ni kò yé ọ nílé?

Ó dákẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó pè mí lóru.

Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí wọ́n ń pè ní Celestial, ni ìyá rẹ̀ ń lọ, sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Gbogbo ọmọ ìjọ náà ló mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: Oschoffa, káfíńtà ará Pọ́tó-Nóvò, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá igi ẹ́bónì nínú igbó, ó wà nínú àdúrà níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn, ló bá gbọ́ ohùn. Àkọsílẹ̀ ìjọ sọ pé 23 oṣù Karùn-ún 1947 ni, ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọ náà lọ wo ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. 20 oṣù náà ni òṣùpá bo oòrùn, ọjọ́ Túsìdeè. Ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ̀.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé o fẹ́ sọ pé wòlíì purọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rántí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níwájú adájọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kì í ṣe fún ìbéèrè náà, fún bó ṣe bèèrè rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù bíi pé ó ká ẹnì kan mọ́, ọmọdé tó ń ṣe ojú-mi-là ni wọ́n á rí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ ní èdè kan, wọ́n kọ ọ́ ní èdè mìíràn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mú pẹ́ńsù. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ òkùnkùn àti ọjọ́ ohùn ti súnmọ́ ara wọn nínú ọkàn àwọn tó ń sọ ọ́, títí wọ́n fi di ọjọ́ kan. Mo ní kó má mú ọ̀kankan nínú wọn. Kó kọ bí òun ṣe rí ọjọ́ mẹ́ta náà, kó kọ ohun tí òun fẹ́ lọ wò.

Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tó fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́, aago méjìlá òru ti kọjá níbí, ó tẹ ìbéèrè kan mọ́ ọn nísàlẹ̀: "Mọ́mì Abẹ́òkúta, ta ló kọ́kọ́ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, èdè wo ló sì fi kọ ọ́?"

Mo ní kó má bi mí, kó fi ìyẹn parí ìdáhùn àkọ́kọ́. Ó ní lẹ́tà 212 péré ló kù. Mo ní ó tó.